Ta Ló Fọwọ́ Kan Ọ̀pá Bàbá?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó yé yín: èmi kì í ṣe ọmọ omi. Orí ni mo ń fá. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ, àga méjì, dígí kan tó ti sán létí, àti fáànù kan tó ń pariwo ju àwọn oníbàárà lọ. Tí ẹ bá bi mí nípa irun, mo lè dá yín lóhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n òkun? Ojú fèrèsé ni mo ti máa ń wò ó, ibẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni mo wá rí lọ́bẹ̀ tí mo fi warú sọ́wọ́? Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bàbá ìyàwó mi ló fà á. Apẹja ni wọ́n láti ìgbà èwe wọn. Ọkọ̀ wọn funfun, wọ́n kun etí rẹ̀ láwọ̀ ewé, wọ́n sì mọ inú rẹ̀ bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Nígbà tí ìdíje ẹja pípa ọdún yẹn ń sún mọ́lé, Bàbá fi ọkọ̀ yìí kọlu ògiri èbúté lọ́sàn-án gangan. Imú ọkọ̀ fọ́, wọ́n ní láti tún un ṣe. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló gbé e. Ìyàwó mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, ní afẹ́fẹ́ wo, nígbà tí aṣọ tí òun sá síta ò mì lórí okùn? Ó ní ọwọ́ Bàbá ti rọ, agbára ti ń tán, kí wọ́n fi òkun sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lè gbé wọn kúrò nínú rẹ̀.

Ìdí tábìlì ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yìí, tàwọn ti búrẹ́dì lẹ́nu, títí Bàbá fi ju ṣíbí sílẹ̀.

"Ìdíje ń bọ̀," wọ́n ní. "Tí mi ò bá fi ọwọ́ ara mi mú ẹja tó ṣe é gbé sórí òṣùwọ̀n wálé, màá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Mi ò ní wọ òkun mọ́. Tí mo bá sì mú un, o ò gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí mọ́ láéláé."

Ìyàwó mi ní ó dáa.  Ìyá rẹ̀ ń fi bọ́tà ra búrẹ́dì Bàbá, wọ́n sì fà á lé Bàbá lọ́wọ́, wọ́n wá gbé ife tíì sún mọ́ ìka Bàbá. Mo rí i. Mo rò pé ìfẹ́ arúgbó ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdíje náà bó ṣe yé mi mọ, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Láàárọ̀ ni àwọn ọkọ̀ máa ń jáde, èèyàn mẹ́ta nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lọ sí ibi tí ilẹ̀ ò ti hàn mọ́, tí omi ti dúdú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń di ọ̀pá ìwọ̀ mú. Láti ìgbà tí ẹja bá ti gbé ìwọ̀ mì títí wọ́n á fi fà á wọnú ọkọ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kan ọ̀pá yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹja náà ò ní dórí òṣùwọ̀n. Òpó irin kékeré kan wà létí ọkọ̀, ihò wà lórí rẹ̀ tí èèyàn lè ki ìdí ọ̀pá bọ̀ tó bá rẹ̀ ẹ́, kó fi mí díẹ̀. Ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Irin lè ràn ọ́ lọ́wọ́, èèyàn ẹlẹ́ran ara ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ibi tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn lójú omi. Tí wọ́n bá ti dé, rẹfirí á bi ẹni tó di ọ̀pá mú pé ṣé ọwọ́ míràn kàn án. Ohun tó bá sọ ni wọ́n gbà, ó parí. Mo bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan pé tó bá wá purọ́ ńkọ́? Gbogbo apẹja tó wà níjòókòó wò mí bí ẹni tó bọ́ra síhòòhò láàárín ìgboro. Mo yáa gbé abẹ mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Àbúrò ìyàwó mi ló yẹ kó ṣe ẹnìkẹta Bàbá. Ọ̀sẹ̀ ìdíje gan-an ló wá jábọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ẹran tó gba omi. Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀. Ògiri ni mo rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Dádì wọn, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá mú ẹja kankan wálé."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ bá wọn dà á rú. Ṣebí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń da nǹkan rú." Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá bá mi nílé lọ́jọ́ kan pé omi ti gbé bàbá mi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní ó dáa. Mi ò tíì dé géètì tí ìyá rẹ̀ fi pè mí wọ kíṣìnì. Wọ́n ń da tíì sínú fìláàsì.

"Ọmọ mi, bàbá yín ò gbọdọ̀ pàdánù ọkọ̀ yẹn o. Tí a bá gba òkun lọ́wọ́ wọn, kí ló kù fún wọn? Àga. Wọ́n á jókòó sórí rẹ̀, wọ́n á máa wo ikú lọ́nà." Wọ́n dé fìláàsì, wọ́n fún un pinpin. "Jọ̀wọ́, dúró tì wọ́n. Ohunkóhun tó o bá rí, máa sọ ọ́ jáde."

"Kí n sọ ọ́ fún ta ni, Mà?"

"Ṣáà máa sọ ọ́ jáde."

Mo tún ní ó dáa. Ẹnu kan náà ni mo fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé fìláàsì dání, mo ń lọ. Ọ̀kan ní kí n fa ọkùnrin yìí sẹ́yìn, ọ̀kan ní kí n tì í síwájú, èmi tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀.

Nígbà tí a dé èbúté, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ débi pé fìlà rẹfirí ti fò lọ, ó sì ti sọ pé òun ò ní sáré tẹ̀ lé e. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì ṣì ń pàṣẹ. Àsíá yẹ́lò ló ta. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pupa, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde; tó bá jẹ́ yẹ́lò, kápténì kọ̀ọ̀kan ló máa bi ọkàn ara rẹ̀. Mo bi ọkàn tèmi. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ẹnìkejì wa ni Gírísì, tó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì, tó sì ń darí ọkọ̀ nígbà tí Bàbá bá ń pẹja. Òun àti Bàbá ti jọ ń bọ̀ ó pẹ́. Kò sí ìgbà kan tí ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìdí orúkọ nìyẹn.

"Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ yìí ò rẹ́rìn-ín sí wa," Gírísì ní.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ́rìn-ín?" Bàbá ní, wọ́n sì gùn sínú ọkọ̀.

Mo tẹ̀ lé wọn. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń rìn lọ: ọwọ́ kan lára irin etí ọkọ̀, ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn yàrá kékeré tí Gírísì ń jókòó sí, títí wọ́n fi dé ibi òpó irin tí wọ́n ń ki ọ̀pá bọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí irin yẹn lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn àgbà àti nǹkan ìní wọn.

Mi ò lè sọ bí ìrìn àjò náà ṣe rí, nítorí orí mi ò pé láti ìgbà tí a ti kọjá ògiri èbúté. Ọkọ̀ gòkè, ọkàn mi dúró sílẹ̀. Ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkàn mi gòkè wá pàdé mi lọ́nà ọ̀fun. Mo bì. Mo tún bì. Nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ohun tí mo máa jẹ lọ́la. Òjò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá láti òkè bí òjò ọmọlúàbí, ẹ̀gbẹ́ ló gbà wá. Mi ò mọ ibi tí omi òkun parí sí tí ti ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń ṣẹ́rí padà, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń juwọ́. Mo juwọ́ padà sí wọn bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sí ilé ìwé.

"Àna, kí lo rí?" Bàbá bi mí.

"Omi ni, Bàbá."

"Omi wo?"

"Omi tó pọ̀."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Gírísì láti inú yàrá rẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Sọ ọ́ dáadáa. Ìgbì ńkọ́, ibo ló ti ń bọ̀?"

Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n. Wọn ò yíjú sí ọwọ́ mi. "Mo ní kó o sọ ọ́."

"Apá ọ̀tún ni, Bàbá. Ó ga. Ó funfun lórí."

"Ẹyẹ ńkọ́?"

Mo nu ojú, mo wò. "Ẹyẹ wà lápá òsì. Wọ́n pọ̀. Wọ́n ń já bọ́ sínú omi, wọ́n tún ń fò jáde."

"Gírísì, yí i sósì," Bàbá pàṣẹ, ọkọ̀ sì yí.

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni, pé wọ́n fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àfìgbà tí mo rántí ìyàwó mi. Níbi tí ẹyẹ bá ti ń bọ́ sómi, ibẹ̀ náà ni ẹja wà, èmi tí wọ́n ní kí n dà á rú ni mo fi ẹnu ara mi júwe ibi ẹja. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ohun tí mo bá rí. Mo ti ṣe ti ìyá, mo ti ba ti ọmọ jẹ́. Mo tún bì.

Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ tí okùn ìwọ̀ wé mọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀pá tẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan omi. Bàbá fi ẹsẹ̀ méjèèjì gúnlẹ̀, wọ́n gbá ọ̀pá mú, mo sì rí apá wọn. Ìyàwó mi ò mọ nǹkan tó ń sọ. Ọwọ́ wo ló rọ? Àwọn iṣan ọwọ́ yẹn dìde, wọ́n fa ẹja yẹn wá, ẹja gba okùn lọ, wọ́n tún fà á wá. Wọn ò wo ibì kankan, ìka wọn ló ń gbọ́ ohun tí ẹja ń sọ lórí okùn. Tí ọwọ́ bá lágbára báyìí, mo bi ara mi, báwo ni ọkọ̀ ṣe kọlu ògiri lọ́sàn-án gangan? Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àsìkò láti rò ó. Mo ń wá nǹkan tí mo lè dì mọ́.

Ohun tí mo rí dì mọ́ ni òpó irin kékeré tí ihò ọ̀pá wà lórí rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, mo gbé àyà lé e, mo sì di ojú. Ẹ má bú mi. Ẹni tí ìgbì ò tíì gbé rí ló ń béèrè ìtìjú.

Ìgbì ńlá kan wá gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo la ojú, Bàbá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń ta gẹ̀gẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, ẹja ṣì ń fà á. Ojú wọn wà lójú mi gan-an. Mo mọ ojú yẹn, èmi ni mo ń fá irùngbọ̀n abẹ́ rẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n dìde kúrò níbẹ̀.  Wọ́n gbé ìdí ọ̀pá, wọ́n tì í bọ àárín apá mi àti àyà mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pá fẹ́ fò. Mo gbá a mú.

Kí ni kí n ti ṣe? Tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀pá á lọ, ẹja á lọ, ìyàwó mi á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dì í mú, òfin ti fọ́, ṣùgbọ́n ẹja á dé ilé, inú ìyá ìyàwó mi á dùn. Gbogbo èyí ni mo fẹ́ rò, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò bi mí léèrè. Ó dì í mú. Ẹja yẹn fà mí débi pé mo rò pé èjìká mi máa yọ. Mo pariwo, afẹ́fẹ́ gbé ariwo náà lọ. Gírísì kẹ́yìn sí wa nínú yàrá rẹ̀, ó ń bá ìgbì jà.

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wọ́n na ìka wọn, wọ́n gbọ̀n wọ́n, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n wá na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, wọ́n sì gbá mi lórí lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà. Orí mi tí mo fá kodoro ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tí òjò ti mú kó tutù. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Kò tètè kúrò. Lẹ́yìn náà ó yọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá ọ̀pá kàn láàárín apá mi, wọ́n gbà á padà, wọ́n sì ń bá ẹja wọn lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, òkè etí mi ni ojú wọn wà.

Mo jókòó síbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀, òjò ń wọ inú rẹ̀. Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún mi ni? Ṣé wọ́n ti gbàgbé òfin tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé láti kékeré? Àbí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn pa á mọ́ra? Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, kò bára mu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Búrẹ́dì tí ìyá ìyàwó mi fà lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ mi tí wọn ò yíjú sí. Kí lo rí, àna, sọ ọ́ dáadáa. Máa sọ ọ́ jáde, ọmọ mi. Ògiri èbúté.

Bàbá ò ríran mọ́. Bóyá wọ́n ṣì ń rí òjìji àti ìmọ́lẹ̀, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí lójú, wọ́n sì rò pé irin ni mí. Inú òkun yìí náà ni a sì wà pẹ̀lú wọn.

Mi ò mọ bí ẹja náà ṣe wọlé. Mo rántí Gírísì tó sáré jáde pẹ̀lú ọ̀pá oníkọ́, tó gbé e sókè, tí ẹja ńlá ẹlẹ́nu gígùn náà já lulẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń na ìrù. Gírísì jó. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹja yẹn láti orí dé ìrù, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún. "Ó gùn," wọ́n ní. "Àna, ó gùn, àbí?"

"Ó gùn gan-an, Bàbá," mo ní. Mo ń sunkún. Òjò bò mí láṣìírí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo wọ inú yàrá tọ Gírísì lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ojú Bàbá..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Jókòó sílẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè..." Kò parí òwe náà. Ó ń wo iwájú, ó sì ń darí ọkọ̀. Òun náà mọ̀. Ó ti ń bá wọn ríran láti ìgbà tí mi ò mọ̀, ìyá ìyàwó mi náà ń bá wọn ríran nílé, èmi àti ọmọ wọn nìkan ni a ń jókòó nídìí tábìlì kan náà tí a ò rí nǹkan kan.

Àwọn èèyàn ti pé jọ nígbà tí a dé. Ọkọ̀ díẹ̀ ló lọ dé òpin, ẹja díẹ̀ ló sì délẹ̀, kò sí èyí tó tó tiwa. Wọ́n gbé e kọ́ sára irin, ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ìyá ìyàwó mi dúró lábẹ́ agboòrùn. Ìyàwó mi ká apá kọ́ àyà, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo bí ẹja náà.

Rẹfirí gba ààyè láàárín èrò. Irun rẹ̀ ti tú. Ó dúró síwájú Bàbá.

"Kápténì, láti ìgbà tí ẹja yìí ti gbé ìwọ̀ mì, ṣé ọwọ́ míràn kan ọ̀pá yín?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Rárá. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́, wọ́n á gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á mú ọkọ̀ wọn padà, ìyàwó mi á sì pa ẹnu mọ́ láéláé.  Mi ò mọ èyí tí mo ń gbàdúrà fún.

"Ẹ bi àna mi," Bàbá ní.

Rẹfirí wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Kápténì, ẹ̀yin ni òfin ní kí n bi."

"Mo mọ òfin, ẹ̀yin náà sì mọ̀ mí. Mi ò lè jẹ́rìí sí ohun tí mi ò rí." Wọ́n gbé orí sókè. "Mi ò rí i. Mi ò ríran dáadáa mọ́. Òun ló rí i, ẹ bi í."

 Agboòrùn yẹ̀ lórí ìyá ìyàwó mi, wọn ò tún un ṣe, òjò ń pa wọ́n. Apá ìyàwó mi já wálẹ̀. Ó ń wo ojú bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ó wá ku èmi. Ẹ wò ó, mo lè sọ pé rárá. Bàbá á máa lọ sí òkun wọn, inú wọn á dùn, títí ọjọ́ tí ohun tí wọ́n máa kọlù ò ní jẹ́ ògiri èbúté mọ́. Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n fi ẹnu mi gba òkun lọ́wọ́ ọkùnrin tó fún mi níyàwó. Èwo ni ìfẹ́ nínú méjèèjì? Mi ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n lónìí.

"Ọwọ́ mi kàn án, Mà," mo ní. "Mo dì í mú."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú láti àárọ̀ nìyẹn."

Rẹfirí mi orí. Ó fi ọwọ́ sọ fún àwọn tó di ẹja mú pé kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. 

Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde, òun àti okùn kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. "Ọmọ mi dà?"

"Mo wà níbí, Bàbá mi," ìyàwó mi dáhùn. Apá ọ̀tún wọn ló wà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn káàkiri, Bàbá sì na kọ́kọ́rọ́ sí apá òsì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, okùn ọkọ̀ tí wọ́n ká jọ ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lójú òfo, kọ́kọ́rọ́ ń mì. Èrò ń wò ó. Mi ò rí nǹkan tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbéra. Mo gun orí okùn yẹn, mo dúró síbi tí ọwọ́ wọn kọjú sí, mo sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà, bíi pé ibẹ̀ ni mo ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ń sọ pé ẹ wo àgbà, wọ́n gbé e fún àna tó sọ òótọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mi ò tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe.

Ìka Bàbá rí apá mi, ó gun èjìká, ó dé orí. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo rò pé irin ni," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́. "Mo rò pé irin ni, àfìgbà tí mo gbá a lórí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, Bàbá?"

"Ẹja ṣì wà lẹ́nu ìwọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kú sí wọn lẹ́nu. Ọwọ́ wọn ò kúrò lórí mi. "Àna, kí lo rí?"

Mo nu ojú mi. "Wọ́n ti ń gbé ẹja lọ, Bàbá. Mọ́mì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, agboòrùn wọn ti dojú kọ ilẹ̀. Gírísì jókòó sétí ọkọ̀. Ọmọ yín ń bọ̀, ó ń sunkún."

"Ó jìnnà?"

"Rárá. Ọ̀tún ni. Ẹ na ọwọ́ yín."

Wọ́n nà án, ó sì bá ọmọ wọn.